Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Aṣọ́nà

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Ọpẹ́ ni fún Olúwa.

Àwọn jagunjagun Gọ́ọ̀tì ti ya wọ ìlú Róòmù. Olówó ni wọ́n ń pa, ẹrú ni wọ́n ń dá sí. Pákátù olówó tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó fi so ẹrú rẹ̀ tó jẹ́ aṣọ́nà mọ́ ilẹ̀kùn, ó fi de ara òun fúnra rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn náà, ó tì í pa, ó na kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí ẹrú náà.

"Bàbá, ẹ sọ fún wọn pé èmi ni aṣọ́nà!"

"Bàbá kẹ̀? Àná lo pè mí lájá. Ọmọ mi tí o tà ńkọ́?"

"Màá rà á padà!"

"Ó ti kú."

Ẹrú náà ju kọ́kọ́rọ́ sínú kànga. Àwọn Gọ́ọ̀tì dé pẹ̀lú ògùṣọ̀.

"Aṣọ́nà lásán nìyí," ẹrú náà sọ fún wọn. "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ilé ni kí ẹ sun."

Kí Olúwa gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀san. Àmín.