Ibi Ọmọ Lábẹ́ Igi Ápù

"Gbẹ́ ẹ kíá, Ìṣọ̀lá!" Màámi gbé ìkòkò tí ibi ọmọ wa tuntun wà nínú rẹ̀ dání. Mo ń gbẹ́ ìdí igi ápù ẹ̀yìnkùlé wa ní Kẹ́ńtì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lára ẹ̀rọ aṣọ́lẹ̀ tí ìjọba kàn mọ́ ọgbà gbogbo ilé. Bó bá fi lè rí ohun àtijọ́, onílé á kó jáde kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ṣọ́bìrì mi kan abọ́ amọ̀ kan, abọ́ ayé àwọn ará Róòmù tó gbé ilẹ̀ yìí láyé àtijọ́. Eegun ìkókó wà nínú rẹ̀, ó tín-ín-rín bí ẹyọ ọwọ̀.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká bò ó!"

Màámi ti kúnlẹ̀. Wọ́n gbé ìkòkò wa ti abọ́ náà, wọ́n sì rọra fọwọ́ kó yẹ̀pẹ̀ bo méjèèjì.

"Onílé, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àlejò yín ni wá," ni Màámi wí fún eegun ìkókó náà.

Iná ẹ̀rọ náà pọ́n, ó sì ké: "Ẹ kó jáde."

Màámi jókòó lé orí ebè kékeré náà.

"Sọ fún un pé ọmọ wa méjì ló wà níbí. Ta ní í lé òbí kúrò nídìí ọmọ?"