Òkè Mẹ́rin Kí Kókó Tó Tutù

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù kí Zipporah ṣe ìdánwò nígbà tó lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì ní àdúgbò Kabawa. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: wíwa jíìpù tó ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí àwọn abúlé orí òkè. Awakọ̀ mẹ́fà ló ń dù ú. Ọdún mẹ́ta ni Zipporah ti fi ọkọ̀ kékeré gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kiri Adankolo, àmọ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni, ẹni tó ni ín sì ti ní òun máa gbé e lọ Àbújá ní ìparí oṣù. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó di kó padà sí Ẹ̀gbẹ̀ lọ bá ìyá rẹ̀ bó gbágùúdá. Kò fẹ́ bó gbágùúdá.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ òkè bíi tiyín."

"Àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo Kabawa, sà."

"Irọ́ ni wọ́n ń pa," ni Bàbá wí, àmọ́ inú rẹ̀ dùn dénú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gbé àwọn awọnlẹ̀ gun òkè kiri, kò sì gbókìtì rí. "O ní jíìpù?"

"Rárá, sà."

"Èmi ní. Wá láàárọ̀ ọ̀la."

Láti ọjọ́ náà, bí Bàbá bá ti kírun tán, wọn a wọ jíìpù. Bàbá a kọ́kọ́ fi àkísà nu gíláàsì iwájú dáadáa. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Zipporah, kò tiẹ̀ dárúkọ owó epo. Kàrímọ́tù ìyàwó rẹ̀ a gbé kókó, ẹ̀kọ mímu gbígbóná, àti àkàrà sójú fèrèsé, a sì pariwo pé kí wọ́n má pẹ́ o. Wọn kì í pẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n gun òkè mẹ́rin pàápàá, kókó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí wọ́n jókòó tì í.

"Bẹ́líìtì," ni Bàbá wí.

"A ò tíì gbéra, Bàbá."

"Mo ní bẹ́líìtì!"

Zipporah so bẹ́líìtì.

"Ó yá, òkè nìyí. Gbọọrọ ni kí o dojú kọ ọ́. Má gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń yọ́ wọ ilé àna. Ẹ̀gbẹ́ òkè ló ń yí ọkọ̀ dànù. Kí ló wà lórí ọkọ̀?"

"Àpò ìrẹsì méjì, Bàbá."

"Ta ló gbé e síbẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Lọ sọ̀ ọ́! Ẹrù tó wúwo, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni àyè rẹ̀."

Zipporah bọ́ọ́lẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀, ó tún wọlé. Ó ní òun ti sọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá ní ẹ́ńjìnì ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú òkè. Jìnnìjìnnì mú Zipporah, ó yí sìtíárìn.

"Yéè! Ó ti pa mí o!" Bàbá ká ọwọ́ lérí. "Ta ní ń yí ọkọ̀ lójú òkè? Tẹ bíréèkì, ki jíà ẹ̀yìn, ibi tí o gbà gòkè ni kí o gbà wálẹ̀!"

Kàrímọ́tù gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti kú lọ́sẹ̀ yìí?"

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún," ni Bàbá dáhùn, ó ń binú.

Àwọn ará àdúgbò náà kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ẹni tó ń lọ sọ́jà a bi wọ́n pé òkè wo ni wọ́n gùn lánàá, a sì rẹ́rìn-ín lọ. Ojú máa ń ti Zipporah gan-an. Àmọ́ ó ń wá lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, Bàbá bi í pé, "Bí ìdí ọkọ̀ bá ń yọ̀ lọ, ibo lo máa yí sìtíárìn sí?"

"Ìsàlẹ̀."

"Ẹ̀rù ò ní bà ọ́?"

"Á bà mí, Bàbá. Ìsàlẹ̀ náà ni mo máa yí i sí."

Àkàrà tó tóbi jù ni Bàbá fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n ti ṣe ìdánwò. Ọ̀gá àwọn awakọ̀, Pius, ń jókòó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Elisha ló kọ́kọ́ wà á, ọmọkùnrin tó ń fẹnu gbéra ga láti àárọ̀. Kò wo ọ̀nà, kò wo kẹ́ẹ̀gì omi tí wọ́n dì sórí ọkọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ òkè. Táyà méjì gbéra nílẹ̀. Pius kígbe Jésù lẹ́ẹ̀mẹta kí ọkọ̀ tó padà jókòó.

Zipporah ló gbẹ̀yìn. Ó fẹsẹ̀ rin òkè náà lọ, ó rìn ín bọ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun sọ àwọn kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀. Elisha pòṣé.

"Bẹ́líìtì, sà," ni Zipporah wí fún Pius.

Gbọọrọ ló dojú kọ ọ́. Ní agbedeméjì òkè, Pius na ọwọ́, ó pa ẹ́ńjìnì. Zipporah tẹ bíréèkì, ó ki jíà ẹ̀yìn, ó tan ọkọ̀, ó sì rọra fẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀. Ó tún gòkè, ó dé téńté. Bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀ ni ìdí ọkọ̀ yọ̀. Ẹ̀rù bà á dé eegun. Ó yí sìtíárìn sí ìsàlẹ̀, ọkọ̀ sì tún tọ́.

"Ìwọ lo ni iṣẹ́ yìí," ni Pius wí. Zipporah bú sẹ́kún.

"Ta ló tiẹ̀ kọ́ ẹ?"

"Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì ni, sà, ní Kabawa. Jíìpù wọn ni wọ́n fi kọ́ mi."

"Mo máa kó àwọn márùn-ún yìí wá bá wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kí wọ́n fi jíìpù náà gbé àwọn náà gòkè."

"Inú wọn á dùn gan-an, sà," ni Zipporah wí, ó ń nu ojú, "àmọ́ orí búlọ́ọ̀kù ni jíìpù náà wà láti ọdún mẹ́rìnlá, tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú táyà mẹ́rin àti ẹ́ńjìnì kan dání."