Ẹ̀rọ Tó La Ẹnu Ọ̀nà Àwẹ̀ró

Nígbà tí ìjì yìnyín dáwọ́ dúró láàárọ̀, ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró nìkan ni ẹ̀rọ àdúgbò, èyí tó ń dá ṣiṣẹ́ láìsí awakọ̀, ti kó yìnyín kúrò. Gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé ilé tí ẹ̀rọ náà bá ti rí i ṣáájú pé ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn máa wá ni ó máa ń kọ́kọ́ la ọ̀nà rẹ̀.

“Aláìsàn wo? Èmi tí mo jẹ àwo ẹ̀bà méjì lánàá?” Àwẹ̀ró gbé ṣọ́bìrì, ó ń wa yìnyín padà sójú ọ̀nà, ìdí ńlá rẹ̀ ń jó lẹ́yìn.

Ṣọlápé aládùúgbò rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé. “Màmá, ẹni ọgọ́rin ọdún, iṣẹ́ yìí gan-an ló máa dá yín dùbúlẹ̀.”

Àwẹ̀ró dáwọ́ dúró, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì. Ó wo ẹ̀rọ náà níkòríta. Kò tíì lọ.

“Àṣé ohun tó ń dúró dè nìyí. Ó ti mọ̀ pé alágídí ni mí.” Ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó rọra wọlé. “Dúró síbẹ̀,” ló wí fún ẹ̀rọ náà, “títí yìnyín á fi yọ́.”