Ọláìtán àti Ìyàwó Inú Gíláàsì

Ìkanra àti àìgbọ́ràn ni àrùn tó ń ṣe Ọláìtán. Awakọ̀ ni, Ìsàn sí Ìdó ló ń ná. Bí èèyàn bá bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìgbájú ni yóò fi dáhùn. Ó lu ìyàwó rẹ̀ títí obìnrin náà fi kó ẹrù padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Òsì.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lókè òkun fi ẹ̀rọ afinimọ̀nà kan ránṣẹ́ sí i. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Irin kan ló fi dè é mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀. Ẹ̀rọ náà á ya àwòrán ọ̀nà, á sì máa fi ohùn obìnrin sọ ibi tí awakọ̀ yóò yà sí. Ẹ̀rọ náà dára, ìwà ẹni tó ń lò ó ni kò dára. Láti ọjọ́ yẹn, Ọláìtán kò kí àgbà ní oríta mọ́, kò sì béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ẹ̀rọ náà ní Ìyàwó Inú Gíláàsì.

"Ọláìtán, ìyàwó ńkọ́?" ni wọ́n máa ń bi í ní gáréèjì.

"Ó wà níbẹ̀," ni yóò fèsì. "Òun nìkan ni obìnrin tí mo ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Kì í jiyàn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò ńlá, Àníkẹ́ sáré wọ gáréèjì Ìsàn pẹ̀lú Máyọ̀wá, ọmọ rẹ̀ tí kò tíì rìn. Gìrì ti mú ọmọ náà. Ojú rẹ̀ ti yí, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Ọkọ̀ Ọláìtán ló kàn láti gbéra.

"Bùrọ̀dá, ẹ bá mi sáré dé ilé ìwòsàn ní Ìdó. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi kú."

Wọn kò tíì jìnnà sílùú tí ẹ̀rọ náà fi ní kí ó yà sí ọ̀nà oko kan tó sọdá odò, pé ibẹ̀ yá ju títì lọ.

"Ẹ jẹ́ ká gba títì, òjò àná pọ̀," ni Àníkẹ́ wí.

"Jókòó jẹ́ẹ́. Ṣé ìwọ lò ń wakọ̀ ni?"

Nítòsí odò, wọ́n bá màrìwò tútù tí wọ́n ta dábùú ọ̀nà. Kò sí ọmọ tí a bí ní agbègbè wa tí kò mọ̀ pé ibi tí màrìwò bá dábùú, ẹsẹ̀ kì í kọjá. A ó kọ́kọ́ dúró ná kí a tó béèrè ìdí. Bàbá Ògúntọ́lá, àgbẹ̀ tí ìdílé rẹ̀ ń bọ Ògún, ló so ó. Òun náà ló dúró níbẹ̀, àdá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi, padà sẹ́yìn," ni bàbá wí. "Àgbàrá ti gbé afárá lọ."

"Ẹ̀yin abọ̀rìṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó mi ní ọ̀nà wà."

"Ìyàwó rẹ dà?"

Ọláìtán nawọ́ sí gíláàsì. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó ti débí láti àná?"

Ẹ̀rín yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọláìtán bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń tú táyà, ó là á mọ́ bàbá lápá. Egungun dún kà. Àdá wà lọ́wọ́ bàbá, kò gbé e sókè. Bó ṣe ṣubú, Ọláìtán fi bàtà tẹ̀ ẹ́ láyà, ó já àdá gbà, ó fi gé màrìwò wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Àníkẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ọláìtán wọ́ ọ nírun pé kó padà wọkọ̀, ó gbá a lójú títí ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀ fi ń kán sórí ọmọ. Obìnrin náà gé e jẹ lọ́wọ́.

"Pa mí síbí," ló wí. "Èmi àti ọmọ mi kò wọ ọkọ̀ yẹn mọ́."

"Ẹ dúró síbẹ̀ kí ọmọ kú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ ó gbọ́ fèrè ọkọ̀ mi ní òdìkejì odò."

Ajá tí yóò sọ nù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọláìtán tẹ iná mọ́ ọkọ̀. Wọ́n gbọ́ fèrè náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ etí odò, níbi tí ọkọ̀ já sí nígbà tí kò bá afárá, ló ti ń dún, kò sì dákẹ́, nítorí àyà Ọláìtán ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ sáré jáde láti oko wọn. Ọ̀kan gbé Àníkẹ́ sórí ọ̀kadà rẹ̀, ó gba títì, ó sáré dé Ìdó. Máyọ̀wá yè. Àwọn yòókù sọ̀ kalẹ̀ sódò. Gíláàsì ti fọ́ wọ ojú Ọláìtán méjèèjì, irin tó di ẹ̀rọ náà mú sì ti gún un lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rọ náà kò fọ́. "Máa lọ tààrà," ló ń wí láàárín ẹ̀jẹ̀, "máa lọ tààrà."

Ọláìtán kò kú, ṣùgbọ́n kò ríran mọ́. Ọ̀pá ló fi ń wá ọ̀nà ní oríta Ìsàn báyìí, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n júwe ibi tí òun yóò yà sí. Àwọn awakọ̀ á ní, "Bi ìyàwó rẹ." Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan fà á lọ́wọ́.

"Ọ̀tún ni, ọmọ mi. Rọra gbẹ́sẹ̀, kòtò wà níwájú."

Ọláìtán mọ ohùn náà. Ó fọwọ́ kan apá tó fà á, ó rí i pé egungun rẹ̀ wọ́. Ó yà sọ́tùn-ún.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin awakọ̀, ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ wa nìyí. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ sọ ẹ̀rọ nù. Ṣùgbọ́n ẹni tó sùn sẹ́bàá odò ló mọ ohun tí òjò òru ṣe, nítorí náà, ẹ béèrè. Bí ẹ kò tilẹ̀ bọ òrìṣà, ẹ dúró níbi tí màrìwò bá dábùú. Ìwọ ìyá tí o pọn ọmọ, wo ojú ẹni tó fẹ́ wà ọ́ kí o tó wọkọ̀. Bó bá yà síbi tí ọkàn rẹ kò lọ, pariwo, kí o sì bọ́ sílẹ̀. Ẹ má sì gbé ọwọ́ sókè sí ẹni tó ń kìlọ̀ fún yín. Ẹni tó bá ṣẹ́ apá tó ń júwe ọ̀nà fún un, apá náà ni yóò wá dìmú lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá ṣú u.