Àpòòwé Kékeré fún Màmá

"Ọmọ mi, òòyì ń kọ́ mi. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí."

Ìyá mi ló ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo wà níléeṣẹ́. Ọ̀gá ní bí mo bá jáde, kí n má padà.

Mo pe ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù kiri ìlú. Mo fi àpòòwé kékeré kan lé e lọ́wọ́.

"Oògùn ni, àbí?"

"Sáà tètè máa lọ, àbúrò."

Ẹlẹgbẹ́ mi yíjú sí mi. "Aládùúgbò yín ò lè bá ọ wò wọ́n ni?"

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"O kú ìtọ́jú ìyá, jàre. Òkété tó dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu."

Mo tẹjú mọ́ aṣọ tí mò ń rán.

Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Màmá ò gbé fóònù mọ́. Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ jù.

Ọlọ́kadà pè. "Ẹ̀gbọ́n, mo ń gbọ́ ohùn màmá nínú ilé, àmọ́ àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn níta. Ta ni kí n gbé oògùn fún?"

Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀.

"Ya àpòòwé yẹn. Kọ́kọ́rọ́ ló wà nínú ẹ̀. Màmá máa ń rìn sọnù, òun ni mo ṣe ń tì wọ́n mọ́lé láràárọ̀. Jọ̀ọ́, fún wọn lómi."

Mo gbọ́ tí àgádágodo ṣí.

Mo gbọ́ ohùn ìyá mi. Wọ́n ń fi oríkì mi ki ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti fi oríkì yẹn pè mí gbẹ̀yìn.