Ọ̀gá Mo-ti-mọ̀ àti Kámẹ́rà Tí Okùn Rẹ̀ Gùn Jù

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ wá sọ pé ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. "Mo ti mọ̀" gan-an ló kó bá ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín.

1.
Ilé iṣẹ́ kan wà tó ń rọ oògùn ikọ́ ọmọdé sínú ìgò. Obìnrin mẹ́fà ló máa ń jókòó sídìí bẹ́líìtì, tí wọ́n ń wo ẹnu ìgò bó ṣe ń kọjá, torí èérún ìgò tó bá fọ́ lẹ́nu lè já bọ́ sínú oògùn. Ìyá Ìgò ni wọ́n ń pe ẹni tó dàgbà jù nínú wọn. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi wo ẹnu ìgò, òun náà ló sì ń fọwọ́ sí ìwé kí ọjà tó jáde.

Máníjà tuntun bá dé. Kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ fún un tí kò ní ní "mo ti mọ̀" kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ tán, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Ọ̀gá Mo-ti-mọ̀. Ó ra kámẹ́rà olówó ńlá kan tó ń ya ọgọ́rin àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kámẹ́rà bá rí ìgò tó fọ́, ọwọ́ irin kékeré kan á tì í dànù. Ó ní kí obìnrin márùn-ún máa lọ sílé. Ó fi Ìyá Ìgò sílẹ̀, torí ìwé tó ń fọwọ́ sí.

2.
Ọkùnrin tó wá so kámẹ́rà náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbé kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì níbí. Irú okùn tẹ́ ẹ rà yìí, bíi ti fóònù ló rí, kò gbọdọ̀ ju mítà mẹ́ta lọ. Tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, àwòrán á máa sọnù lójú ọ̀nà."

"Mo ti mọ̀. Ọ́fíìsì mi lókè ni mo fẹ́ kó wà. Ibẹ̀ ni àlejò á ti máa wò ó."

"Tó bá jẹ́ òkè ni, a nílò okùn mìíràn tó lè rìn jìnnà, àti káàdì tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà tó máa gba àwòrán náà wọlé. Ó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó dé."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kẹ̀? Ọjọ́bọ̀ ni àlejò ń bọ̀. Ojú ni mo rà, ìwọ ń sọ̀rọ̀ okùn fún mi."

Wọ́n bá so okùn kékeré mọ́ okùn kékeré, oríkèé mẹ́sàn-án, ó gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn gòkè lọ. Lọ́jọ́bọ̀, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

3.
Ìyá Ìgò ò pàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Ó ti rí ìgò tó fọ́ tó kọjá, tí ọwọ́ irin ò mira. Ó pe ẹni tó so okùn, ó bi í léèrè. Lẹ́yìn náà ló ṣa ìgò mẹ́wàá tó fọ́ lẹ́nu, ó kọ nọ́ńbà sí wọn lára, ó tò wọ́n sáàárín àwọn tó dáa. Ọwọ́ irin ti mẹ́fà dànù. Ó gbé mẹ́rin tó kù gòkè lọ, ó tò wọ́n síwájú ọ̀gá.

"Ọ̀gá, mẹ́wàá ni mo fi sí i. Mẹ́rin tó kọjá rèé."

"Mo ti mọ̀. Kámẹ́rà yẹn ò lè ṣàì rí i."

"Kámẹ́rà rí i. Àwòrán ni ò dé ọ̀dọ̀ yín níbí. Ìgò tí kọ̀ǹpútà ò bá sì rí àwòrán rẹ̀, ṣe ló ń kà á sí èyí tó dáa."

Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn ná. Ohun tí kò rí, ó ní ó dáa. Ẹ̀yin náà mọ èèyàn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

4.
Mo-ti-mọ̀ ti ìwé ọjà sí Ìyá Ìgò. "Màmá, ẹ fọwọ́ sí i. Ọkọ̀ ń dúró."

"Mi ò fọwọ́ sí i."

"Ẹ rántí pé iṣẹ́ yín ló wà níbẹ̀ o."

"Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe yìí. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ọ̀fun ọmọ ọlọ́mọ lẹ ní kí n fọwọ́ sí. Ẹ lé mi tó bá wù yín, ìka mi ò ní kan ìwé yẹn."

Ó lé e lóòótọ́. Ìyá Ìgò ká ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ sórí àga, ó kó ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú báàgì. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kó padà lọ bẹ ọ̀gá. Ó ní, "Kí n bẹ̀ ẹ́ pé kí ni? Ẹni tó ṣẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀."

Mo-ti-mọ̀ fúnra rẹ̀ mú bírò, ó buwọ́ lu ìwé náà gàdàgbà.

5.
Kò pé oṣù kan, ìyá kan ń da oògùn sí ṣíbí fọ́mọ rẹ̀, ó gbọ́ tí nǹkan dún kín. Èérún ìgò ni. Ọmọ ilé mìíràn ò ríbi sá, èérún gé e lẹ́nu, ó ṣẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Ọpẹ́ ni pé ó yè é. Àwọn aláṣẹ ti ilé iṣẹ́ pa, wọ́n ní kí wọ́n mú ìwé wá, ta ló fọwọ́ sí i?

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo-ti-mọ̀ mú ẹ̀dà ìwé náà lọ sílé Ìyá Ìgò, ó dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ bá mi fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, kí wọ́n rò pé a jọ wò ó ni. Màá dá iṣẹ́ yín padà lónìí."

Obìnrin náà gbé ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde. Ó ní, "Ojú mi rí i. Ẹnu mi sọ ọ́. Ọ̀nà etí yín ni okùn rẹ̀ gùn jù."

Àwọn aláṣẹ ló kó ìgò náà fún. Mo-ti-mọ̀ pàdánù iṣẹ́, ó tún ń jẹ́jọ́. Nígbà tí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ wá bẹ Ìyá Ìgò, ó ní òun ò ní dá nìkan padà: àwọn márùn-ún yẹn ń bọ̀, kọ̀ǹpútà ń sọ̀ kalẹ̀ wá sídìí bẹ́líìtì, ìgò tí kò bá sì ní àwòrán, ààtàn ló ń lọ. Wọ́n gbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra kámẹ́rà síṣẹ́, mo kìlọ̀ fún yín. Kẹ́ ẹ tó ra ojú, ẹ béèrè ọ̀nà: báwo ló ṣe jìn tó, àwòrán mélòó ló máa gbà á kọjá, kí ló máa gba àwòrán náà wọlé lọ́hùn-ún? Ẹ sì béèrè ohun tí ẹ̀rọ máa ń sọ nígbà tí kò bá rí nǹkan kan. Ẹ̀yin tí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí ohun tí ojú yín kọ̀, ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Mo-ti-mọ̀ ò tiẹ̀ pé oṣù kan.