Ọkọ́ Tó Dí Ẹ̀yìn Ihò Òkété

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà, ẹnu ihò Òkété ló jókòó sí.

Gbogbo ọjọ́ ọjà ni Òkété ń ra ọkọ́, títí ọkọ́ fi dí ẹ̀yìn ihò tó yẹ kó máa sá gbà. Òòrẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ wá yá ọ̀kan. Òkété ní, "Lọ ra tìẹ!"

Lọ́jọ́ kan, ọdẹ dáná sẹ́nu ihò. Òkété sáré sẹ́yìn, ọkọ́ ló bá.

"Ẹ̀gbọ́n Òòrẹ̀, ẹ gbà mí o!"
Ègbè: Lọ ra tìẹ!
"Èéfín ń pa mí lọ o!"
Ègbè: Lọ ra tìẹ!

Òòrẹ̀ kò bá wa gbè é. Ó ń fọwọ́ lásán gbẹ́lẹ̀, títí ó fi fa Òkété yọ.

Òkété wúkọ́. "Eélòó ni kí n san?"

Òòrẹ̀ ní, "Èéfín ti dé ilé Ẹmọ́ aládùúgbò wa. Mú ọkọ́ dání."